Ohun Tí Mo Kọ Sára Bọ́ọ̀sì

Bẹ́nì kan bá sọ fún yín pé inú kì í tètè bí mi, irọ́ gbuu ló pa. Inú a máa bí mi kíá, á sì tún rọ̀ kíá. Àmọ́ lọ́dún tí mò ń wí yìí, ó bí mi, kò rọ̀ bọ̀rọ̀, torí pé iṣẹ́ mi ń kú lọ lójú mi, mi ò sì mọ ohun tó ń pa á.

Iṣẹ́ wo? Iṣẹ́ ọkọ̀ ni. Àwọn àgbàlagbà àti àwọn tí ara wọn ò yá là ń gbé lọ sí ọsibítù, tí a tún ń gbé padà sílé. Bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni mo ní, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹgbẹ́ bọ́ọ̀sì o. Pátákó onírin kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, tí ẹni tó wà lórí àga onítáyà á fi gòkè wọlé, tí ẹnikẹ́ni ò ní gbé e bí àpò sìmẹ́ńtì. Má-Jẹ́-Ó-Mì là ń pe awakọ̀ wa, torí pé tó bá rí kòtò lójú títì, díẹ̀ ló kù kó sọ̀ kalẹ̀ lọ bẹ kòtò náà kó tó gba ibẹ̀ kọjá. Ó dàgbà jù mí lọ, Bọ̀dá ni mo sì ń pè é. Òun ń pè mí ní Màdáámù. A jọ ń bọ̀wọ̀ fún ara wa, a sì jọ ń jà.

Lọ́dún kẹta, mo ní ó tó gẹ́ẹ́, ó yẹ kí owó tó ń wọlé pọ̀ sí i. Èrò mẹ́jọ lójúmọ́ kò burú, ṣùgbọ́n taya, epo àti mẹkáníìkì kì í gbọ́ "kò burú." Mo bá pe ọkùnrin tó ń kọ pátákó. Mo ní kó fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà sára bọ́ọ̀sì, lọ́tùn-ún, lósì, àti lẹ́yìn: ỌKỌ̀ ÀWỌN ALÁÌSÀN ÀTI ARÚGBÓ. Ó kọ nọ́ńbà fóònù wa sábẹ́ rẹ̀. Mo dúró sí òdì kejì títì, mo kà á, inú mi dùn dénú. Mo ní, "Ẹni tí ò bá rí èyí, ojú ló ń dùn ún. Kó tètè pè wá ká gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú."

Má-Jẹ́-Ó-Mì wò ó, ó họ orí. Ó ní, "Màdáámù, ó hàn o."

Mo ní, "Ṣebí ohun tí à ń wá nìyẹn?"

Ó ní, "Ó hàn gan-an ni."

Ẹ̀yin èèyàn mi, láti ọjọ́ yẹn ni nǹkan ti dojú rú. Èrò mẹ́jọ di mẹ́fà, mẹ́fà di mẹ́ta. Mo gé owó ọkọ̀ kù, kò sẹ́ni tó pè. Mo ra omi tútù sínú ọkọ̀, mo ra ìrọ̀rí, òfo. Mo gbé ìjà ko Má-Jẹ́-Ó-Mì pé ìwà pẹ̀lẹ́ rẹ̀ ti pọ̀ jù, pé bóyá ara àwọn èrò ò gba kí ìgbín máa gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ó ní, "Ẹ má bínú, Màdáámù." Ó tún lọ fọ bọ́ọ̀sì tó ti fọ̀ láàárọ̀.

Oníbúrẹ́dì kan ládùúgbò wa ló gbọ́rọ̀ náà. Ó wá, ó kí mi dáadáa, ó mú okùn ìwọ̀n jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọn inú bọ́ọ̀sì mi. Ó ní bí wọ́n bá tú àwọn ìjókòó kúrò, igba búrẹ́dì á wọ̀ ọ́ láì forí gbárí. Ó bà mí nínú jẹ́, àmọ́ kí ni mo fẹ́ sọ? A fi àdéhùn sí ìparí oṣù. Bí èrò bá padà wá, kò sọ́rọ̀. Bí wọn ò bá padà wá, kó máa gbé bọ́ọ̀sì lọ, kí Má-Jẹ́-Ó-Mì sì bẹ̀rẹ̀ sí í wáṣẹ́ kiri lẹ́ni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta.

Ìyẹn ló wà lọ́kàn mi lọ́jọ́bọ̀ kan tí mo tẹ̀ lé bọ́ọ̀sì lọ sí ọsibítù. Èrò kan ṣoṣo la gbé, Bàbá Tíṣà, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tí orúnkún ń yọ lẹ́nu. Bàbá ò jẹ́ ká wá gbé òun nílé mọ́. Ìdí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta bẹ́ẹ̀dì la ti bá wọn, níbi tó jìnnà sílé wọn dáadáa, tí wọ́n fara ti ọ̀pá, tí òógùn bò wọ́n. Mo ní, "Bàbá, orúnkún ló ń dùn yín, ẹ tún rìn dé ibí?"

Wọ́n ní, "Mo kàn fẹ́ na ẹsẹ̀ ni."

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, àmọ́ mi ò tíì rí èje náà.

Bá a ṣe dé ẹnu ọ̀nà ọsibítù ni takisí kan dúró níwájú wa. Ta ló bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀? Ìyá mi! Ìyá tó bí mi lọ́mọ, tó jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí mo bá ní kí n gbé wọn lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wò, wọ́n á ní ọjọ́ tí dókítà dá fáwọn ò tíì pé. Wọ́n rí bọ́ọ̀sì, wọ́n fa gèlè bojú, wọ́n sá sẹ́yìn nọ́ọ̀sì kan tó ń kọjá. Nọ́ọ̀sì náà sì rèé, tín-ín-rín bí ìgbálẹ̀.

Mo kígbe, "Màmá!"

Wọ́n ní, "Ta nìyá ẹ?"

"Háà! Ẹ tún sẹ́ mi! Ọmọ yín ní bọ́ọ̀sì, ẹ wá ń sanwó fún onítakisí! Kí ni mo fi ṣe yín?" Ó dùn mí débi pé omi lé sí mi lójú. Gbogbo èèyàn ti ń wò wá.

Màmá jáde látẹ̀yìn nọ́ọ̀sì. "Rẹ ohùn ẹ sílẹ̀. Ṣé o lè ka ohun tó o kọ sára ọkọ̀ yìí?"

"Mo lè kà á."

"Kà á sí mi létí."

Mo kà á.

Wọ́n ní, "Ó dáa. Nínú méjèèjì, èwo lèmi?"

Látinú bọ́ọ̀sì, Bàbá Tíṣà ní, "Ìbéèrè gidi nìyẹn." Wọ́n yọ orí síta lójú fèrèsé. "Ọjọ́ tẹ́ ẹ fi nǹkan yìí dúró sẹ́nu ọ̀nà mi, kí n tó ti ọsibítù dé, aládùúgbò mẹ́ta ti lọ bá àwọn ọmọ mi pé wọ́n kú ara fẹ́ra kù. Mo wọlé, mo bá ẹkún. Ẹkún èmi alára!"

Ẹ̀rín pa nọ́ọ̀sì. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo kọjú sí Má-Jẹ́-Ó-Mì. "Bọ̀dá, ẹ mọ̀!"

Ó ní, "Màdáámù, mo sọ pé ó hàn gan-an."

Màmá di ọwọ́ mi mú. "Ọ̀rọ̀ rere níí yọ obì lápò, ọmọ mi. Ẹ̀jẹ̀ mi ga díẹ̀, òótọ́ ni. Ṣé kí gbogbo àdúgbò wá kà á lára ọkọ̀ ni?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an la pa á rẹ́. Mo ní kí n lọ ra ọ̀dà funfun, Má-Jẹ́-Ó-Mì ní kí n má wulẹ̀ ṣe wàhálà. Ó fa agolo kan jáde lábẹ́ ìjókòó rẹ̀. Ó ti tó oṣù kan tó ti rà á síbẹ̀, tó ń retí ọjọ́ tí orí mi máa pé. Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu mi.

Bàbá Tíṣà jókòó tì wá, wọ́n ń darí wa bí ọmọ iléèwé. Mo bi wọ́n pé kí ni ká wá kọ. Wọ́n ní, "Ṣé ọsibítù nìkan lo rò pé a mọ̀ ni? Ọ̀sẹ̀ tó lọ, mo fẹ́ lọ gẹrun lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ mi àtijọ́, kò sẹ́ni tó máa gbé mi. Bi wá léèrè ibi tá a fẹ́ lọ, jàre." Ohun tá a kọ náà nìyẹn, pẹ̀lú ọ̀dà búlúù, kékeré níwọ̀nba: NÍBO LẸ FẸ́ LỌ?

Ẹ wá wo fóònù! Ọkùnrin kan tó wà lórí àga onítáyà fẹ́ lọ fúnra rẹ̀ ra bàtà tí ò ní fi tẹ ilẹ̀. Ó ní ojú lòun fẹ́ fi yan bàtà, kì í ṣe ẹsẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì mẹ́rin tó ti fẹ̀yìn tì háyà wa lọ wo odò, wọ́n sì fi orin dí Má-Jẹ́-Ó-Mì létí lọ àti bọ̀. Àwọn èrò ọsibítù náà padà, nílé wọn la sì ti ń gbé wọn. Kí oṣù tó parí, èrò mẹ́rìnlá là ń gbé lójúmọ́. Oníbúrẹ́dì dé lọ́jọ́ àdéhùn, kò bá bọ́ọ̀sì nílé. Ó ní òun á dúró dè é. Mo ní, "Ẹ má dúró o, ẹsẹ̀ á ro yín."

Lọ́jọ́ Ajé kan, fóònù dún. Ẹnì kan ń fi ohùn ọ̀gá sọ̀rọ̀: "Ẹ káàárọ̀. Ṣé ilé iṣẹ́ ọkọ̀ nìyẹn?"

"Màmá?"

"Oníbàárà ni mí. Dá mi lóhùn bí oníbàárà."

Mo gbé ẹ̀rín mì. "Níbo lẹ fẹ́ lọ, mà?"

Wọ́n ní ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ àwọn, ẹni tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ, tó ń gbé lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin. Mo bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n ti rí i gbẹ̀yìn. Wọ́n ní, "Ó ti tó ọdún mẹ́ta."

Ọdún mẹ́ta! Ọdún mẹ́ta gan-an ni mo ti ń gbé ìyá oníyàá kiri ìlú. Mo tẹ̀ lé bọ́ọ̀sì lọ. Àwọn ìyá méjèèjì di mọ́ ara wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò fẹ́ jura wọn sílẹ̀. Ọ̀kan ní, "O ti gbó!" Èkejì ní, "Ìwọ ńkọ́, àkísà!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń nu ojú. Èmi náà nu tèmi nínú bọ́ọ̀sì, ojú ò tì mí.

Nígbà tá a gbé Màmá délé, wọ́n ka owó ọkọ̀ sí mi lọ́wọ́. Mo ní, "Èmi kọ́ ló máa gba owó lọ́wọ́ yín."

Wọ́n ní, "Gbà á. Tó o bá ń gbé mi lọ́fẹ̀ẹ́, mi ò ní lè pè ọ́ lọ́la, màá ní mò ń dà ọ́ láàmú. Bí mo ṣe jókòó sílé fún ọdún mẹ́ta nìyẹn."

Mo gbà á. Mo ṣí ìwé tá a fi ń kọ orúkọ èrò, mo mú bírò. Mo ní, "Aago mélòó lẹ fẹ́ ká dé lọ́la, mà?"

Wọ́n ní aago mẹ́wàá, ká má pẹ́.