Alátùpà Ẹnu Ọ̀nà Ìkẹyìn

Ìlù dún, alátùpà gbé ẹsẹ̀ síwájú. Ìlù tún dún, ó fi àtùpà gbá àdán tó ń bọ̀ lókè orí rẹ̀, àdán náà sì fọ́ túká bí eruku. Ní ìlù kẹta, ìka aránṣọ pẹ́ díẹ̀, kò ju ìṣẹ́jú ojú lọ, ejò òkúta ti yọ lára ògiri, ó bu alátùpà jẹ. Ìmọ́lẹ̀ àtùpà kú. Òkùnkùn bo ojú tẹlifíṣọ̀n, ọ̀rọ̀ funfun kan sì yọ láàárín rẹ̀: *Ó parí.*

“Orí ẹ burú,” ni aránṣọ wí fún ejò náà, ó sì tún bẹ̀rẹ̀.

Bí géèmù náà ṣe rí nìyẹn. Ẹnì kan gbé àtùpà lọ́wọ́, ó ń wá ọ̀nà àbájáde nínú ihò abẹ́ ilẹ̀. Kò gbọdọ̀ rìn àfi lórí ìlù. Bó bá ṣi ìlù gbé ẹsẹ̀, epo inú àtùpà á dín kù. Bó bá sì dúró sójú kan, ohun tó ń gbé inú òkùnkùn á wá a rí. Ẹni tó bá kú níbẹ̀ kì í dìde níbi tó ṣubú sí. Ẹnu ihò ló máa padà sí lọ́wọ́ òfo, ihò náà fúnra rẹ̀ á sì ti yí padà, ibi tí ilẹ̀kùn wà tẹ́lẹ̀ á ti di ògiri. Kò sí ohun tí èèyàn lè gbé kúrò nínú ikú kan bọ́ sínú òmíràn, àfi ohun tí ìka rẹ̀ bá ti kọ́.

Ẹsẹ̀ ni aránṣọ kọ́kọ́ fi kọ́ ọ, kó tó kan ìka. Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ló máa ń jókòó sí, á yọ bẹ́líìtì kúrò lára àgbá kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kí abẹ́rẹ́ má baà ṣiṣẹ́, á wá máa fi ẹsẹ̀ tẹ irin ìsàlẹ̀, kí-kí, kí-kí, bí ẹni ń rán aṣọ tí kò sí níbẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ti mú ìlù, ọwọ́ kò ní ṣìnà. Aṣọ àwọn oníbàárà wà nínú apẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti gé wọn tán, kò tíì rán wọn. Kò sẹ́ni tó wá bá a jà. Wọ́n mọ̀ pé opó ni.

Ọkọ rẹ̀, tó máa ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, ló máa ń gbá géèmù náà tẹ́lẹ̀. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á wẹ̀, á jẹun, á sì jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Aránṣọ á kọ ẹ̀yìn sí i, á máa ránṣọ.

“Ìwọ àti alátùpà yìí ẹ kúkú ṣègbéyàwó,” ló sọ fún un nígbà kan.

“Mo ti bi í léèrè,” ni ọkọ dáhùn, kò gbójú kúrò. “Ó ní òun ò lè fẹ́ ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ń fi abẹ́rẹ́ jẹun.”

Ọjọ́ tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, ó dá géèmù náà dúró láàárín, ó di ikùn mú, ó wọ bàtà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. “Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án o. Ẹnu ọ̀nà ìkẹyìn ni mo wà, mi ò débẹ̀ rí. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde.” Wọ́n jọ lọ sí ọsibítù. Aránṣọ nìkan ló padà, pẹ̀lú báàgì ọkọ rẹ̀.

Àyè mẹ́ta, tí géèmù náà ti ń tọ́jú ibi tí ẹni tó ń gbá a bá dé, ló wà lójú ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀. Ti ọkọ rẹ̀ ni àkọ́kọ́. Alátùpà kékeré kan dúró níbẹ̀, ẹ̀kán epo kan ṣoṣo ló kù sí i. Kò kú, kò sì rìn. Èjìká rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń mí. Ìgbà tí àwọn abánikẹ́dùn dẹ́kun wíwá ni aránṣọ ṣàkíyèsí mímí yẹn. Ó wò ó títí ilẹ̀ fi ṣú. Lọ́jọ́ kejì, ó ṣí àyè kejì fún ara rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ó pinnu pé òun á mọ ihò náà dáadáa, àti pé bó bá yá, òun á mú ọkọ òun jáde.

Ohun tí kò rò tẹ́lẹ̀ ni pé yóò dùn mọ́ òun. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, wọ́n ti wí fún un láti kékeré. Kò sẹ́ni tó wí fún un pé èèyàn lè nu ojú tán kó di páàdì géèmù mú, kí àyà rẹ̀ sì máa lù kìkì fún ayọ̀ nítorí pé ó rí ọ̀nà gba àárín egungun méjì inú ihò kọjá. Bí aládùúgbò bá kan ilẹ̀kùn, á rẹ ohùn tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ kíákíá, á fa ojú ro, kó tó lọ ṣílẹ̀kùn. Ojú náà kì í ṣe irọ́. Ó kàn jẹ́ pé ó níláti wá a kó tó rí i ni.

Lónìí, kò sí àyè fún ìmúra. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ti ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá gbé ẹ̀rọ géèmù náà. Òun ló rà á, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yá a lò ni, ó sì ń kó lọ sí ìlú mìíràn ní ọ̀sẹ̀ yìí.

Nígbà tí ó kan ilẹ̀kùn, aránṣọ ṣẹ̀ṣẹ̀ tún kú tán.

“Ìyàwó wa, ẹ kú ilé o.”

“Akọ̀wé, ẹ káàbọ̀. Ẹ wọlé, ẹ má wo ilẹ̀, wúruwùru ló wà.” Aránṣọ ló sọ ọ́ ní Akọ̀wé lọ́dún tí wọ́n gbé e wọlé, torí pé ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò lè gbọ́ gbólóhùn kan kó má tún un ṣe.

Akọ̀wé gbé páálí òfìfo kan lọ́wọ́, ó fi kúbùsù kọ́ èjìká. Ó sọ̀ páálí náà kalẹ̀. Ojú rẹ̀ lọ sórí páàdì tó wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó fọwọ́ kàn án, ó gbóná.

“Ta ló ń gbá géèmù níbí?”

“Èmi ni.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin?”

“Kí ló dé? Ṣé ìka mi gé ni?”

Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. “Ẹ ò fọwọ́ kan ti ẹ̀gbọ́n mi?”

“Mi ò fọwọ́ kàn án. Tèmi lọ́tọ̀ ni mo ń gbá.”

Ó jókòó wọ̀ọ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kúrò lórí rẹ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun pe òun láti orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Ọ̀rọ̀ géèmù yẹn ni wọ́n sọ, wọn kò sọ ti àìsàn. Ó ní òun á fi kúbùsù wé ẹ̀rọ náà, òun á gbé e sókè kọ́bọ́ọ̀dù, ọmọ kankan ò ní dé ìdí rẹ̀.

“Ẹ fẹ́ gbé e sínú páálí,” ni aránṣọ wí.

“Mo fẹ́ kó wà bó ṣe wà. Ó ṣì wà láàyè níbẹ̀.”

“Ó ní òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde. Ẹ jẹ́ kí n mú un jáde.”

“Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀.”

“Ẹ̀yin lẹ lè fi í sílẹ̀. Ojú yín ò tó o. Èmi ni mo ń wò ó lójoojúmọ́ tó ń mí nínú òkùnkùn, pẹ̀lú ẹ̀kán epo kan.”

“Bí ẹ bá wá pa á ńkọ́?”

“Bí mo bá pa á, èmi ni mo pa á. Kì í ṣe dókítà.”

 Adìẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò rọ adìẹ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjèèjì ṣe wà, tẹlifíṣọ̀n ń tàn sí wọn lójú.

“Ẹ ò mọ bó ṣe máa ń rí ni,” ló tún bẹ̀rẹ̀. “Bí èèyàn bá jáde tán, ó máa ń…”

“Ẹni tó bá jáde ti jáde. Kí ló tún kù?”

Akọ̀wé gbé ọwọ́ sókè díẹ̀.  “Ẹ̀rọ ni mo ni,” ló wí. “Mi ò ni ọkọ yín.”

Aránṣọ gbé ẹsẹ̀ lé irin. Ó ṣí àyè àkọ́kọ́.

Ìlù tó jáde kì í ṣe èyí tó mọ̀. Ó wúwo, ó sì lọ́ra. Ilẹ̀kùn ńlá kan wà lókè, òmìrán kan dúró síwájú rẹ̀ pẹ̀lú agogo lọ́wọ́. Fún ìgbà díẹ̀, kò lè ṣe nǹkan kan. Ibi tí ìka ọkọ rẹ̀ fi í sí nìyí. Òkùnkùn bẹ̀rẹ̀ sí í rá jẹ́jẹ́ bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

“Ẹ rìn!” ni Akọ̀wé kígbe. “Ẹ má dúró!”

Ó rìn. Òmìrán lu agogo níbi tí ìlù dákẹ́ sí, ilẹ̀ sì ya ní iwájú alátùpà. Ó fò ó. Agogo tún dún, kò bá ìlù mu, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e kó tó kóra ró. Nígbà náà ló yé e. Ọrùn aṣọ ni. Bí èèyàn bá ń rán ọrùn aṣọ, ẹsẹ̀ á rọra níbi tó bá ti tẹ̀, ọwọ́ á yí aṣọ, ẹsẹ̀ á tún máa lọ. Ẹni tó bá sáré níbẹ̀, aṣọ á ká jọ. Ó jẹ́ kí agogo kọjá. Ó yí. Ó lọ.

“Ọ̀tún! Ẹ gba ọ̀tún!” Akọ̀wé ti dìde dúró.

“Ẹ dákẹ́, mo ti rí i!”

“Ẹ gbá a báyìí! Ẹ gbá a!”

Ó gbá a. Òmìrán tàkìtì, ó tún dìde, ìlù yára sí i. Ẹsẹ̀ aránṣọ ń fò lórí irin, ìka rẹ̀ ń lọ níwájú èrò rẹ̀, ẹ̀rín kan sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín gidi, tó ga, tí kò tíì gbọ́ nínú ilé yẹn láti ìgbà tí wọ́n ti bá a sunkún. Akọ̀wé náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ọwọ́ lu itan rẹ̀. Kò sí òkú kankan nínú yàrá náà nígbà yẹn. Agogo fọ́ sí méjì. Ilẹ̀kùn ńlá ṣí. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wọlé láti òkè, alátùpà sọ àtùpà rẹ̀ sílẹ̀ lórí koríko, ó sì ń rìn lọ láìwẹ̀yìn, títí ó fi kúrò lójú tẹlifíṣọ̀n.

“Mo mú un jáde!” Ó di èjìká Akọ̀wé mú. “Akọ̀wé, mo mú un jáde!”

“Ẹ mú un jáde,” ni Akọ̀wé wí, omi sì wà lójú rẹ̀.

Ojú ìwé àkọ́kọ́ padà wá fúnra rẹ̀. Aránṣọ wo àyè àkọ́kọ́. Kò sí alátùpà níbẹ̀, kò sí ohun tó ń mí. Ọ̀rọ̀ kan ló wà níbẹ̀: *Òfo.*

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó tún un tẹ̀.

“Níbo ló wà?”

“Ó ti jáde.”

“Mo mọ̀ pé ó ti jáde. Mo ní níbo ló wà?”

Akọ̀wé ń ká kúbùsù rẹ̀ láìwojú rẹ̀. “Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Bí wọ́n bá pa á, àyè rẹ̀ á ṣófo. Bó bá jáde, àyè rẹ̀ á ṣófo náà. Mo ti jáde rí nínú tèmi.”

“Ẹ ò sì sọ fún mi.”

“Mo fẹ́ sọ ọ́.”

Òtítọ́ ni. Aránṣọ rántí bó ṣe gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. Kò rí ẹni bá jà. Akọ̀wé náà kò rí. Òun fúnra rẹ̀ ló kígbe ọ̀tún.

Akọ̀wé fi kúbùsù lé èjìká, ó gbé páálí. Lẹ́nu ọ̀nà ló ti wí pé, “Ẹ máa lo ẹ̀rọ náà, ìyàwó wa. Mi ò ní ohun tí mo fẹ́ fi ṣe mọ́.” Aránṣọ ní ẹ ṣé, ẹ kí ilé. Ó gbọ́ bí páálí òfìfo náà ṣe ń ha ara ògiri bó ti ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Ó padà jókòó. Ó retí kí ẹkún dé, ẹkún kò dé. Ó na ọwọ́ síwájú rẹ̀, ó ń wò ó: ìka rẹ̀ ṣì gbóná. Wọ́n ń rántí agogo náà. Wọ́n fẹ́ tún un pàdé, láti ẹnu ihò, pẹ̀lú epo púpọ̀, nísinsìnyí tí wọ́n ti mọ àṣírí rẹ̀. Ó jókòó ti ìfẹ́ yẹn jẹ́jẹ́, bí ẹni tó jókòó ti àlejò tí kò pè. Ó wá ọkọ rẹ̀ nínú ìfẹ́ náà títí. Kò sí níbẹ̀.