Ta Ló Di Ẹrù Yìí?

Ẹ bá mi wo ọkùnrin yìí o! Ọlátúbọ̀sún, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní báǹkì kan ní Dubai, òun náà ni olùkọ́ Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ọjọ́ Sunday, ó dúró níwájú ìjọ, ó ń là wọ́n lóye pé ẹni tó bá bẹ̀rù Ọlọ́run gbọ́dọ̀ pa òfin ìlú mọ́, kódà níbi tí kámẹ́rà ò sí. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Òun náà gbádùn ohùn ara rẹ̀ dáadáa.

Bí ìsìn ṣe parí ni Janet gbé ẹrù kan wá bá a, torí ó mọ̀ pé ọjọ́ kejì ló ń wọ bàálù lọ sí Nàìjíríà. Janet ń gbé bedspace, ìyẹn ibùsùn kan péré tó háyà nínú yàrá elérò púpọ̀, ní Sharjah, ó ń dirun ní Deira. Nígbà tí àìsàn dá Ọlátúbọ̀sún dùbúlẹ̀ lọ́dún tó kọjá, tí ìyàwó rẹ̀ ò tíì dé láti Lagos, Janet yìí ló ń wọ bọ́ọ̀sì wá sílé rẹ̀ ní Karama pẹ̀lú ẹ̀kọ gbígbóná nínú fíláàsì. Aṣọ àǹkárá ló fi di ẹrù náà, ó sì fi abẹ́rẹ́ rán ẹnu rẹ̀ pinpin, bí àwọn èèyàn wa ṣe máa ń ṣe sí ẹrù tí wọn ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni tú wò.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi fún màmá mi. Ọwọ́ wọn gan-an ni kẹ́ ẹ fi lé o."

Kí ló wà nínú ẹ̀? Ìbéèrè yẹn dé orí ahọ́n rẹ̀, ó gbé e mì. Ojú tì í láti bi í. Á dà bí ìgbà tó ń fura sí i. "Má ṣèyọnu," ló wí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Janet wá sin ín dé pápákọ̀ òfuurufú. Bùnmi, oníṣòwò tó ń ra ọjà ní Deira, ló tò sẹ́yìn Ọlátúbọ̀sún. Ọmọ Iléṣà ni, àdúgbò kan náà pẹ̀lú màmá Janet, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Màmá Tíṣà.

"Sà, ṣé ẹ̀yin fúnra yín lẹ di ẹrù yìí?" ni ọmọbìnrin tó ń wọn ẹrù béèrè.

Háà! Orí Ọlátúbọ̀sún dàrú. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, irọ́ ni, lẹ́yìn gbogbo ìwàásù àná! Tó bá ní rárá, wọ́n á tú ẹrù ẹni tó tọ́jú òun. Tó bá wá jẹ́ oògùn tí òfin kọ̀ ló wà níbẹ̀ ńkọ́? Èyí tó wá dùn ún jù ni pé kò mọ̀ bóyá Ọlọ́run lòun ń bẹ̀rù ni, àbí ẹ̀wọ̀n.

"Èyí tó wà nínú àǹkárá yìí, èmi kọ́ ni mo dì í."

Ọkùnrin ẹ̀ṣọ́ kan dé, ó fi sísọ́ọ̀sì gé òwú ẹnu rẹ̀ fàà. Ìlédìí ló dà sílẹ̀, ìlédìí àgbàlagbà, pẹ̀lú bébà kan tí Janet kọ: *Màámi, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀.*

"Yéè! Ṣé Màmá Tíṣà ò lè dá ìtọ̀ dúró mọ́ ni?" Bùnmi yára fọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ó ti bọ́. Kílẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Iléṣà á ti gbọ́.

Janet ò sunkún. Ó sún mọ́ okùn tí wọ́n fi pààlà. "Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ, mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n ẹ̀ bá bi mí lánàá. Ǹ bá tú u lójú yín."

 Òótọ́ ni Ọlátúbọ̀sún sọ, kí ló wá dé tó ń ṣe é bíi pé ó jalè?

"Àpótí ńlá yín yẹn ńkọ́, sà? Ẹ̀yin lẹ dì í?" ni ọmọbìnrin tó ń wọn ẹrù tún béèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ló dáhùn kíá.

Àpótí náà ti ń yí lọ kó tó rántí. Mọpẹ́olúwa, ìyàwó rẹ̀, ló dì í, nígbà tóun ń múra ìwàásù sílẹ̀. Òun ò tiẹ̀ ṣí i wò rí. Ó yíjú wá Janet, kò rí i mọ́. Ó yíjú padà sí ọmọbìnrin náà, ó lanu bí ẹni tó fẹ́ tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ.

"Ẹni tó kàn," ni ọmọbìnrin náà wí.