Àpótí Àwọn Ará Ìjọsí

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún yín pé eré ọmọdé ni gémù. Òun ni mo fi ń jẹun. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ba gémù jẹ́, kó má baà bà jẹ́ mọ́ ẹni tó rà á lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ti ṣe apá kan tán, wọ́n á gbé e fún mi. Màá forí gbá gbogbo ògiri inú ẹ̀, màá bẹ́ sódò níbi tí kò yẹ kéèyàn bẹ́ sí, màá máa ti ilẹ̀kùn tí wọ́n ní kò ṣeé tì. Ohunkóhun tó bá yẹ̀, màá pariwo ẹ̀. Wọ́n ní ọwọ́ mi le, wọ́n ní ẹnu mi náà le. Àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ ò parọ́ mọ́ mi.

Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ìyá mi, wà nílé iṣẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tiẹ̀ yàtọ̀. Òun ló ń ro ìtàn àwọn èèyàn àtijọ́ inú gémù wa, àwọn tó ti gbélé ayé kí akọni tí à ń darí nínú gémù tó dé, tí wọ́n sì ti pòórá láìkù ẹnì kan. Wọ́n ní orúkọ gidi, ṣùgbọ́n lọ́fíìsì, Ará Ìjọsí là ń pè wọ́n, bí ẹni pé àná ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jáde. Àbúrò mi fúnra ẹ̀ sì ti di Ìyá Ìlú.

Mo ti rí ìlú àtijọ́ nínú gémù àwọn ẹlòmíì. Ère gàgàrà, òpó fífọ́, wúrà rẹpẹtẹ, àti ìwé ńlá kan lórí tábìlì tó ń ṣàlàyé gbogbo nǹkan bí olùkọ́ tí kò gbọ́ pé agogo ti lù. Àbúrò mi ò ṣe ìkankan níbẹ̀. Kò kọ ọ̀rọ̀ kan sára ògiri. Ilé lásán ló kọ́: yàrá, ààrò, ẹní, àpótí ìjókòó. Ṣùgbọ́n ẹ wọnú ẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó!

Láàárín Ará Ìjọsí, bí wọ́n bá bímọ, bàbá ọmọ á gbẹ́ àpótí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta fún un. Bí ọmọ bá ṣe ń ga, wọ́n á máa pààrọ̀ ẹsẹ̀ àpótí sí èyí tó gùn. Orí ẹ̀ ló máa jókòó títí dọjọ́ ikú, ẹlòmíì ò sì gbọdọ̀ fìdí kàn án. Bó bá kú, wọ́n á dojú àpótí ẹ̀ délẹ̀ lẹ́bàá ògiri, á sì máa bá wọn gbé lọ. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá wọlé, tẹ́ ẹ wo àpótí, ẹ ti mọ ìdílé. Èyí tó kúrú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ọmọ tó fẹ́ràn ìyá ẹ̀ ni. Èyí tó jẹ lápá kan, ìyá àgbà tí ìbàdí kan ń dùn ni. Méjì tó kọ̀yìn síra wọn, ẹ ò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò kí n sọ fún yín, tọkọtaya tí wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ ni. Mo bi í pé báwo lẹni tó ń fi gémù ṣeré ṣe máa mọ gbogbo ìyẹn. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹni tó bá ti bá èèyàn gbélé rí máa mọ̀ ọ́n." Kò sí ibi tí mo lè fi orí gbá nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Àbúrò mi ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ká ní ọmọ ọ̀tá mi ni, màá ṣì kan sáárá sí i.

Wàhálà ẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kò sọ ohun tó mú wọn pòórá. Ọ̀gá wa, tí à ń pè ní Ọ̀gá Kíákíá nítorí pé orí ìdúró ló ti máa ń jẹun, ti bi í títí. Ṣé ogun ni? Ṣé àrùn ni? Àbí omi ló gbé wọn lọ?

"Mi ò tíì mọ̀, sà."

Ẹ gbà mí! Ta ló ń dá ọ̀gá lóhùn bẹ́ẹ̀ lórí ohun tó jẹ́ pé inú orí òun fúnra ẹ̀ ló ti ń jáde? Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní, "Pa wọ́n! Sọ pé iná jó wọn, kó o gba ara ẹ." Ó ní òun ò lè purọ́ ikú mọ́ èèyàn. Ó ní ilé wọn ò jọ ilé tí wọ́n ti pa ẹnikẹ́ni.

Ọ̀gá wá fi òpin sí i. Ó ní lọ́jọ́ Ajé, òun fúnra òun máa rìn nínú ìlú náà lójú gbogbo wa. Tóun bá rìn ín já láìrí ohun tó dá òun dúró, tóun ò sì mọ ibi tí àwọn èèyàn ẹ̀ wọlẹ̀ sí, àwọn máa yọ ọ́ kúrò nínú gémù. Iṣẹ́ àbúrò mi sì so mọ́ ìlú yẹn. Tí ìlú bá lọ, òun náà ń di ẹrù ẹ̀ nìyẹn.

Ọkùnrin kan wà lọ́dọ̀ wa tí à ń pè ní Agbálẹ̀. Tiẹ̀ ni kó máa mú gémù fúyẹ́, nítorí bí nǹkan bá ti pọ̀ jù nínú ẹ̀, kọ̀ǹpútà á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ohun yòówù tí kò bá níṣẹ́, tí akọni ò lè gbé, tí kò lè fọ́, tí kò sí nǹkan nínú ẹ̀, Agbálẹ̀ á gbá a dànù. Èèyàn dáadáa ni, ẹ má ṣì mí gbọ́. Bó ṣe gbọ́ pé Ọ̀gá ń bọ̀ wá wo ìlú ni àánú àbúrò mi ṣe é, ló bá pinnu pé òun máa ràn án lọ́wọ́. Kò sọ fẹ́nì kan.

Lọ́jọ́ Ajé, gbogbo wa pé yí tábìlì gígùn ká. Ọ̀gá gba páàdì gémù, ó wọ ìlú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Mo wo ilé àkọ́kọ́. Kò sí àpótí. Ilé kejì, kò sí. Ilé tọkọtaya oníjà, ilẹ̀ lásán! Mo bojú wo àbúrò mi, ẹnu ẹ̀ ti là, kò rí i pa dé. Agbálẹ̀ tó jókòó tì mí ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Àǹtí, ẹ ò rí bó ṣe ń yọ̀ geere?" ló sọ sí mi létí. "Àárọ̀ yìí ni mo bá wọn gbá a. Àwọn àpótí yẹn pọ̀ jù, wọn ò sì níṣẹ́ kankan."

Inú bí mi gan-an. Mo gbá a lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì débi pé ó pòṣé bí ejò. Mo ṣàlàyé fún un wúyẹ́wúyẹ́ pé àwọn àpótí yẹn gan-an ni ìtàn ìlú náà, mo ń payín keke. Ojú ẹ̀ ṣú. Ó ní òun lè dá wọn padà láìpẹ́, ṣùgbọ́n ta ló máa ní kí Ọ̀gá Kíákíá dúró ná?

Ọ̀gá wọ ilé kan, ó jáde. Ó wọ òmíràn, ó jáde. Ó wá wọ ọ̀kan, ló bá dúró.

Ó dojú akọni kọ ilẹ̀. Ilẹ̀ amọ̀ ni, wọ́n sì ti yà á pọ̀ mọ́ ilé látìbẹ̀rẹ̀, ìgbálẹ̀ Agbálẹ̀ ò lè ràn án. Ihò kéékèèké mẹ́ta-mẹ́ta wà lára ẹ̀ káàkiri, níbi tí ẹsẹ̀ àpótí ti jẹ ilẹ̀ wọlé.

"Kí ló wà níbí tẹ́lẹ̀?" Ọ̀gá bi ara ẹ̀. Kò retí ìdáhùn. Ó jáde, ó padà sí ilé tó ti sáré kọjá. Mo ní ó padà! Ẹni tí kì í bojú wẹ̀yìn tí ilé bá ń jó. "Ìkòkò wà lórí ààrò. Ẹní wà nílẹ̀. Aṣọ wà lórí okùn. Àpótí nìkan ni wọ́n kó? Ta ló kó o?"

Agbálẹ̀, olóòótọ́ èèyàn, ya ẹnu láti jẹ́wọ́. Mo di ọwọ́ ẹ̀ mú gírígírí. Àbúrò mi dìde.

"Àwọn fúnra wọn ni, sà."

"Kí nìdí?"

Àbúrò mi ń wo ilẹ̀ yẹn bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wọ ibẹ̀, èmi tí mo mọ̀ ọ́n látìgbà tó ti ń rá, mo mọ̀ pé ìgbà yẹn gan-an lòun náà ń rí i.

"Ọ̀gá, ẹni tó ń sá fógun kì í gbé àpótí. Ẹni tí omi ń lé kì í gbé àpótí. Ọmọ ló máa gbé, oúnjẹ ló máa dì. Ẹni tó bá gbé àpótí ẹ̀ dání ti mọ̀ pé òun ń lọ jókòó níbì kan."

Ọ̀gá gbé akọni lọ sẹ́bàá ògiri. "Èyí tó rí roboto yìí ńkọ́? Kò jọ àwọn tó kù."

"Ti òkú ni, sà. Àpótí tí wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀ ló wà níbẹ̀." Ó nawọ́ sí ibẹ̀. "Wọ́n gbé tàwọn òkú wọn náà dání."

Ọ̀gá gbé páàdì sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó fa àga, ó jókòó. "Ìlú yìí ò ní kúrò," ló sọ. "Ìwọ náà ò sì ní kúrò, Ìyá Ìlú."

Bí Ọ̀gá ṣe jáde ni Agbálẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ forí jì mí, ẹ jọ̀ọ́. Gbogbo ẹ̀ wà nípamọ́ lọ́dọ̀ mi, kò sí èyí tó sọnù. Ṣé kí n dá a padà báyìí?"

Mo ní, "Ṣé o tún ń béèrè ni? Dìde, kó o lọ kó wọn wá!" Kò sí méjì tó jọra nínú àwọn àpótí yẹn. Mo mọ bí àbúrò mi ṣe máa ń tún ẹsẹ̀ ẹyọ kan gbẹ́ títí ọrùn á fi máa dùn ún, tí á wá pè mí pé kí n wá wò ó, ṣé ó jọ ibi tí ẹni tó ti darúgbó máa ń jókòó.

Àbúrò mi ò tíì gbójú kúrò lára ilé òfìfo yẹn. Omi ń bọ́ lójú ẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Má dá a padà," ló sọ fún un. "Wọ́n ti gbé e lọ. Àwọn ló ni ín."

Èmi tí mo ti ń wá ẹni tí màá na látàárọ̀, mo bú sẹ́kún níwájú gbogbo ọ́fíìsì.