Ìṣẹ́jú Mẹ́wàá Lórí Ìdúró

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta ni Raushan kú. Ibùdó tó ń yí ayé po lókè òfuurufú ni Esimzhan, ọmọ àbúrò rẹ̀ tí ó tọ́ dàgbà, ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà.

Òní ló pé ogójì ọjọ́. Nílé, wọ́n ti ń se ẹran ẹṣin fún oúnjẹ òkú. Ní ilé ìwòsàn ní Karaganda, Tolegen, ọkọ olóògbé, tún ń wé ọ̀já ẹ̀rọ ìfúnpá mọ́ apá Esimzhan. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn láti ọdún mọ́kànlélógún: wíwọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àwọn tó tòkè bọ̀. Dókítà ti là á mọ́lẹ̀: bí ọmọ náà bá dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ìfúnpá rẹ̀ kò já wálẹ̀, ó lè lọ síbi oúnjẹ òkú.

Ní ìdùbúlẹ̀, ọgọ́fà. Ó dìde. Ní ìṣẹ́jú kẹta, ó ti di méjìlélọ́gọ́rin, òógùn bò ó, ètè rẹ̀ funfun. Tolegen dá a padà sórí ibùsùn. Ẹ̀ẹ̀kẹta láàárọ̀ yìí.

“Bàbá, ẹ̀rọ yín ti gbó. Ẹ lọ fi wọn ẹṣin wò.”

“Ẹṣin kì í dákú tó bá dìde.”

Inú ń bí Tolegen, kò sì rí ẹni tí yóò bínú sí. Oṣù mẹ́fà láìní ìwúwo! Ẹ̀jẹ̀ ti gòkè sí orí àti àyà. Ara rò pé ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ jù, ó sì tọ omi rẹ̀ dànù. Iṣan ẹsẹ̀ gbàgbé bí a ṣe ń fún mọ́ra. Wàyí o, ilẹ̀ ń fa gbogbo rẹ̀ sísàlẹ̀. Bí ó bá mú un lọ, yóò dákú. Bí ó bá fi í sílẹ̀, ará ilé yóò ní ọmọ Raushan kò wá. Ìdúró kò sí, ìbẹ̀rẹ̀ kò sí fún ẹni tó gbé odó mì.

Láti ìjẹta tí Esimzhan ti balẹ̀, kò tíì bá a kẹ́dùn. Lọ́dọ̀ wọn, a kì í dùbúlẹ̀ kẹ́dùn: èèyàn á dìde, á dì mọ́ ẹni tí òkú kú fún, á sunkún sókè. Nọ́ńbà nìkan ni àwọn méjèèjì ti ń sọ.

Tolegen yíjú láti kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Esimzhan ti dìde, ó la apá. “Bàbá, ìyá mi…” Orúnkún rẹ̀ yẹ̀. Tolegen gbá a mú, ṣùgbọ́n agbára àgbà kò gbé e. Àwọn méjèèjì wó sílẹ̀.

Ilẹ̀ tutù. Àwọ̀ ti ń padà sójú ọmọ náà. Ó yẹ kí Tolegen pe nọ́ọ̀sì. Kò pè é.

“Sọ ọ́ níbẹ̀,” ó ní. “Má dìde.”

Esimzhan sọ ọ́, tòun ti ẹkún. Tolegen náà fi orí lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ogójì ọjọ́ ló fi gba gbogbo olùkẹ́dùn lórí ìdúró, ojú rẹ̀ gbẹ. Ẹkún náà wá dé wẹ́rẹ́, bí ẹni pé ìdúró gan-an ló ń dí i lọ́nà.

Ohun tí Raushan fi sílẹ̀: ìborí funfun méjì, awò ojú tí wọ́n fi òwú so apá rẹ̀, ife tíì kan tí ẹlòmíràn kì í fi mu, àti àpò wàrà gbígbẹ oníyọ̀ kan tí ó kọ orúkọ Esimzhan sí, nítorí ó ti gbọ́ lẹ́nu ọkọ rẹ̀ pé iyọ̀ ń ran ẹni tó tòkè bọ̀ lọ́wọ́ láti dúró.