Ọ́síjìn Kò Ríbi Jókòó

Òórùn burúkú kankan kò jáde nínú gáréèjì náà. Ohun tó kọ́kọ́ ya Oníirin lẹ́nu nìyẹn nígbà tó gbé ilẹ̀kùn sókè. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́, rédíò ń sọ̀rọ̀, bàbá rẹ̀ sì forí ti fèrèsé ọkọ̀ bí ẹni tó sùn lọ.

"Dádì!"

Bàbá kò dáhùn. Oníirin pa ọkọ̀, ó ki ọwọ́ bọ bàbá lábíyá, ó sì wọ́ ọ jáde, gìgísẹ̀ bàbá ń fa ilẹ̀ títí wọ́n fi dé etí títì. Ó figbe ta. Káfíńtà tó múlé tì wọ́n sáré jáde, pẹ́ńsù ṣì wà létí rẹ̀. Òun ló pe ọkọ̀ ọsibítù, torí ọwọ́ Oníirin méjèèjì ṣì wà lábíyá bàbá.

Nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè é ní Oníirin nílé. Ní láàbù, paládíọ̀mù ló ń ṣèwádìí lé lórí, irin funfun kan tí wọ́n máa ń fi sínú páìpù èéfín ọkọ̀, kó lè sọ kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì, gáàsì apani tí kò lóòórùn, di èyí tó sàn jù ú lọ. Bàbá rẹ̀, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, kò mọ̀ ju ibẹ̀ lọ, ìyẹn náà ló sì fi ń yangàn kiri àdúgbò. "Ọmọ mi ló ń tọ́jú irin tó ń jẹ májèlé!"

Ní ọsibítù, wọ́n fi ọ́síjìn bo bàbá nímú. Dókítà obìnrin kan tó rọra ń sọ̀rọ̀ yíjú sí Oníirin.

"Gáàsì yẹn ti gba àyè mọ́ ọ́síjìn lọ́wọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ọ́síjìn ń wọlé o, àmọ́ kò ríbi jókòó. Ìdí nìyẹn tá a fi ń rọ́ ọ sí wọn nímú, kó lè lé e dìde."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

Dókítà tún un sọ. Bó ṣe sọ ọ́ gan-an ni Oníirin fúnra rẹ̀ máa ń sọ ọ́ ní láàbù nípa paládíọ̀mù tó bá tutù. Kò rò ó rí pé ó kan ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Lọ́sàn-án, bàbá lajú.

"Orí ń fọ́ mi."

"Dádì, kí lẹ ń ṣe níbẹ̀?"

"Òtútù ń mú mi. Mo ní kí n tan ọkọ̀ fún ooru, kí n jókòó sínú ẹ̀ gbọ́ ìròyìn. Ṣebí ìwọ lo ní irin yẹn ń jẹ májèlé?"

Oníirin fa àga sún mọ́ ọn.

"Irin yẹn ò tíì gbóná, Dádì. Tó bá tutù, ńṣe ni gáàsì yẹn máa kún ojú ẹ̀ fọ́fọ́, tí á lẹ̀ mọ́ ọn. Ọ́síjìn ní tiẹ̀, méjì-méjì ló máa ń so pọ̀. Kó tó lè pínyà, àfi kó rí àyè méjì tó fara kanra. Kò ní rí i. Ìgbà tí irin bá gbóná ni gáàsì yẹn á máa dìde díẹ̀díẹ̀. Ọ́síjìn á wá jókòó, á pínyà, á so mọ́ gáàsì tó ṣẹ́ kù, wọ́n á sì jọ fò lọ."

"Tó bá ti wá gbóná, mo lè tilẹ̀kùn?"

"Rárá o! Ọ́síjìn inú yàrá náà á tán. Ẹ má dán an wò láéláé."

Bàbá wò ó títí. "Kí ló dé tí o ò sọ gbogbo èyí fún mi?"

Oníirin tún aṣọ tí wọ́n fi bò ó ṣe.

Nígbà tí ara bàbá le dáadáa, ó ní òun fẹ́ fojú ara òun rí irin náà. Oníirin mú un lọ sí láàbù. Paládíọ̀mù ọ̀hún ò ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ. Oníirin ń fẹ́ gáàsì yẹn àti ọ́síjìn sí i, ó ń fi ooru kún un díẹ̀díẹ̀, àmọ́ ìlà tó ń fi iṣẹ́ irin náà hàn lójú kọ̀ǹpútà ṣì ń sùn nílẹ̀.

"Kò sóhun tó ń ṣẹlẹ̀," bàbá wí.

"Ẹ ṣì máa wò ó."

Lójijì, ìlà náà fò sókè fìrì! Bàbá ta gìrì dìde lórí àga. "Kí nìyẹn?"

"Ọ́síjìn ti ríbi jókòó ni. Tí àyè bá ti ṣí díẹ̀, ooru iṣẹ́ náà á tún ṣí òmíràn. Lẹ́ẹ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀."

Bàbá fọwọ́ lé àyà. "Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, nínú ọkọ̀ mi, kò fò," ó wí jẹ́jẹ́.

Ó bèèrè omi. Ọmọ rẹ̀ bù ú wá, ó sì bá a di ife náà mú.