Bọ́tìnì Kẹrin

2.

...pé kó má pe òun síwájú. Ohun kan ṣoṣo tí aránṣọ náà bẹ ọkọ rẹ̀ nìyẹn. Ọkọ rẹ̀ ní kò burú.

Irọ́ ló pa.


3.

Ẹnu-Abẹ ni wọ́n ń pe ọkọ náà. Láràárọ̀ ni gbogbo ìlú ń gbọ́ ọ lórí rédíò. Á bú onílé, á bú agbowó-orí, á bú àwọn tó ń pariwo sórí fóònù nínú bọ́ọ̀sì. Tó bá bú èèyàn tán, á tẹ bọ́tìnì kẹrin, ẹ̀rín obìnrin kan á sì bú jáde, ẹ̀rín tí kò lè dá ara rẹ̀ dúró. Àwọn olùgbọ́ kì í mọ ìgbà tí wọ́n á bá a rín in.

Ẹ̀rín ìyàwó rẹ̀ ni. Ó gbà á sílẹ̀ nínú yàrá kan ṣoṣo tí wọ́n kọ́kọ́ gbé. Ìyá obìnrin náà ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, ó ń sọ bí bàbá ọmọ òun ṣe wọ bàtà méjì tó yàtọ̀ síra lọ tọrọ òun. Níparí ẹ̀rín náà, ìyá sọ̀rọ̀: "Má fi ẹ̀rín pa ara rẹ o, ọmọ mi."

Ẹnu-Abẹ máa ń gé e kó tó débẹ̀.

Ìyá náà ti kú. Kò sí ibòmíràn tí ohùn rẹ̀ kù sí.


4.

ÌKÉDE. LÁRA ILẸ̀KÙN ILÉ IṢẸ́ RÉDÍÒ.

ẸNU-ABẸ TI KỌ̀WÉ!
*ÒÓTỌ́ NI, Ẹ MÁ BÍNÚ*
Ẹ rà á, kí ẹ rín.
Ẹni tí kò bá rín, kó lọ rí dókítà.


5.

Kò kọ ìwé kankan. Àwọn bébà ọ̀rọ̀ tó ń kà lórí rédíò ló kó fún òǹtẹ̀wé. Gbogbo ibi tó ti yẹ kó tẹ bọ́tìnì ló ti kọ ọ́ síbẹ̀, kó má bàa gbàgbé. Òǹtẹ̀wé kò béèrè. Ó tẹ gbogbo rẹ̀.


6.

LÁTI INÚ ORÍ KEJE: "OBÌNRIN TÍ KÒ MỌ ÀWÀDÀ"

Lọ́jọ́ tí a sin ìyá ìyàwó mi, ìyàwó mi sunkún títí ó fi só. [BỌ́TÌNÌ 4] Kì í ṣe ìsó kékeré. Ẹni tó ń gbàdúrà dákẹ́. [BỌ́TÌNÌ 4] Èmi rò pé òkú ló ń dágbére. [BỌ́TÌNÌ 4]


7.

Ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, lẹ́nu àwọn oníbàárà:

— Aránṣọ, ẹ bá mi fi àyè sílẹ̀ nídìí síkẹ́ẹ̀tì yẹn o, kí afẹ́fẹ́ lè rọ́nà gbà.

— Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n ṣí fèrèsé?

Oníbàárà kẹta dìde. Ó kó aṣọ rẹ̀ tí wọn ò tíì rán, ó lọ.


8.

ILÉ ÌDÁNÁ

ÌYÀWÓ: Dádì, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé.

ỌKỌ: Ṣé irọ́ ni? Ṣé o ò só ni?

ÌYÀWÓ: Mo só.

ỌKỌ: Ó ti parí. Òótọ́ ni, má bínú.

ÌYÀWÓ: Ọjọ́ tí mo sin ìyá mi ni.

ỌKỌ: Màmá á ti rín in. Màmá mọ àwàdà. Ìwọ ni ò mọ̀ ọ́n.

ÌYÀWÓ: Ẹ ṣáà má pè mí síwájú lọ́jọ́ ìwé yẹn.

ỌKỌ: Kò burú. Bá mi lọ ṣòkòtò yẹn.

Ó lọ̀ ọ́. Ó lọ̀ ọ́ dáadáa.


9.

Ọjọ́ ìwé. Gbọ̀ngàn kún. Gbogbo èèyàn ló ń béèrè ohun tí BỌ́TÌNÌ 4 jẹ́.

"Ẹ ó fojú rí i," ni Ẹnu-Abẹ wí. "Ìyàwó mi, máa bọ̀. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un! Ẹ fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀!"

Ó gbé e jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Ó ka orí keje. Ó tẹ bọ́tìnì lára ẹ̀rọ tó gbé wá láti ilé iṣẹ́.

Ẹ̀rín obìnrin náà jáde láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ẹnu obìnrin náà wà ní pípadé. Àwọn èèyàn wo ẹ̀rọ, wọ́n wo ẹnu rẹ̀, wọ́n tún wo ẹ̀rọ. Ìyẹn gan-an ló wá pa wọ́n lẹ́rìn-ín jù. Ọkùnrin kan fi ìwé náà nu omi ojú.

Nígbà kẹta, ẹ̀rín ń pa Ẹnu-Abẹ fúnra rẹ̀. Ó gbàgbé láti gé e.

"Má fi ẹ̀rín pa ara rẹ o, ọmọ mi."

Wọ́n rò pé ara àwàdà ni. Wọ́n dìde dúró, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.


10.

Wọ́n ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe.


11.

Ọ̀GÁ ILÉ IṢẸ́ SÍ ẸNU-ABẸ, LÓRÍ FÓÒNÙ: *Ohùn arúgbó yẹn dùn gan-an. Láti ọ̀la, má gé e mọ́.*

ẸNU-ABẸ: *Ó ti parí, sà.*


12.

Aránṣọ kò sunkún. Ó sunkún. Rárá, bó ṣe rí nìyí: ó fẹ́ sunkún, ó rántí ohun tí ẹkún ṣe fún un nígbà kan, ó sì fún ìdí pọ̀.


1.

(Ó yẹ kí èyí ti wà lókè.) Obìnrin tó máa ń rín gan-an ni tẹ́lẹ̀.


13.

ILÉ IṢẸ́ RÉDÍÒ, YÀRÁ ẸLẸ́RỌ, KÍ ÈTÒ ÒWÚRỌ̀ TÓ BẸ̀RẸ̀

ARÁNṢỌ: Bàbá Ẹlẹ́rọ, ẹ bá mi pa ẹ̀rín bọ́tìnì kẹrin rẹ́.

BÀBÁ ẸLẸ́RỌ: Ìyàwó wa, ẹ jókòó ná. Kò ní ẹ̀dà o. Ọkọ yín kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dà á kọ, kí ilé iṣẹ́ míì má bàa jí i. Tó bá lọ, ó lọ nìyẹn.

ARÁNṢỌ: Mo mọ̀.

BÀBÁ ẸLẸ́RỌ: Ẹ gbé fóònù yín wá. Kí n gbà á sílẹ̀ fún yín ká tó pa á.

ARÁNṢỌ: Kí n fi ṣe kí ni? Látàná, tí ìyá mi bá ti sọ̀rọ̀ tán létí mi, àtẹ́wọ́ wọn ló ń tẹ̀lé e.

BÀBÁ ẸLẸ́RỌ: Kí n pa á, àbí?

ARÁNṢỌ: Ẹ dúró ná.

Lódìkejì gíláàsì, Ẹnu-Abẹ ti jókòó. Kò wo ẹ̀yìn. Iná pupa tàn.

ẸNU-ABẸ: Ẹ káàárọ̀ o! Ìyá ìyàwó mi, èyí tó kú, ní kí n kí yín!

Ó gbé ìka sókè sí bọ́tìnì kẹrin. Bàbá Ẹlẹ́rọ náà gbé ìka sókè sí bọ́tìnì ìparẹ́.

BÀBÁ ẸLẸ́RỌ: Ìyàwó wa. Ẹ sọ̀rọ̀.

Aránṣọ la ẹnu.


14.

[BỌ́TÌNÌ 4]