Ìdágbére fún Bàbá Alágbàfọ̀

"Ẹni tó bá kúrò nídìí iṣẹ́ láìdágbére, ẹ̀yìn rẹ̀ ló fi sílẹ̀." Ọ̀rọ̀ Bàbá Ògúnwálé nìyẹn, wọ́n sì ní ìdí tí wọ́n fi ń sọ ọ́. Gbéminíyì tí a jọ ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn kàn jí lọ́jọ́ kan ni, ó wọkọ̀ lọ sí Èkó, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ náà Bàbá kò dárúkọ rẹ̀ mọ́. "Ọmọ yẹn" ni wọ́n ń pè é. Bí wọ́n bá sì ti dá orin náà, èmi ni mo máa ń gbè é, torí ẹnu mi kì í sinmi. Mo ní tó bá dọjọ́ tèmi, n óò kúnlẹ̀ ni, Bàbá á gbé ọwọ́ lé mi lórí, gbogbo àdúgbò wa ní Upper Sakponba, ní Bìní, á sì mọ̀ pé ire ni mo lọ.

Aṣọ funfun àwọn olóyè Ogbe, àdúgbò ààfin Ọba, ni iṣẹ́ Bàbá. Ọmọ Ìkìrun ni wọ́n, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí aṣọ olóyè Ẹdó tí wọ́n lọ̀, tó gan bíi pákó, ẹ ó ní inú ààfin ni wọ́n bí wọn sí. Wọn kì í kọ orúkọ sára aṣọ. Òwú ni wọ́n fi ń sàmì: pupa fún olóyè kan, búlúù fún òmíràn, wọ́n á rán an kékeré sí ìṣẹ́tí níbi tí ojú kò tó. Orí Bàbá ni gbogbo àmì náà wà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún tí mo fi bá wọn ṣiṣẹ́, n kò rí i kí wọ́n gbé aṣọ fún ẹni tí kò ni ín.

Ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé aṣọ ṣì, a fi rẹ́rìn-ín. Nígbà tó tún ṣẹlẹ̀, ẹ̀rín kò wá mọ́. Nígbà tó yá, Bàbá á mú òwú dání, wọ́n á máa wò ó, wọ́n á ní, "Fọlákẹ́, ta ló ni pupa?" Èmi ni n óò dáhùn. Ṣùbòmí, ọmọ wọn obìnrin, gbé wọn lọ sí ọsibítù. Àwọn dókítà ní àìsàn ìgbàgbé ni, pé kò ní oògùn tó lè dá a padà. Ṣùbòmí fi iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó wá dúró ti ṣọ́ọ̀bù.

Àsìkò yẹn gan-an ni ọkọ mi, Adéyínká, rí iṣẹ́ olùkọ́ sí Òṣogbo. Ó kó àwọn ọmọ lọ, ó ní kí n máa bọ̀. Mo ń fòní dónìí, mo ń fọ̀la dọ́la, títí inú fi bí i. "Ṣé Bàbá alágbàfọ̀ lo fẹ́ ni àbí èmi?"

Ni mo bá ra obì, mo ra oyin àti páálí málítì kan, mo kúnlẹ̀ sórí ṣìmẹ́ǹtì níwájú Bàbá lọ́jọ́ Sátidé. Orí wọn pé lọ́jọ́ náà. Wọ́n gbọ́ mi títí mo fi sọ̀rọ̀ tán. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ní, "Ibi tí ò ń lọ á gbà ọ́. Ojú kò ní tì ọ́ nídìí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ." Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú àtijọ́ wọn wálẹ̀ láti orí pẹpẹ. "Ọ̀gá mi ló fún mi lọ́jọ́ tí èmi náà dágbére. Ìwọ ló kàn." Mo sunkún, Bàbá sunkún, Ṣùbòmí ń fi ìborùn nu imú. Bí mo ti fẹ́ ẹ gan-an ló rí. Ọkàn mi balẹ̀, mo lọ di ẹrù.

Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, fóònù mi dún. Bàbá ni.

"Fọlákẹ́, oorun kí lo ń sùn títí di ìwòyí? Tètè máa bọ̀. Olè ti jà wá. Wọ́n ti jí áyọ́ọ̀nù ọ̀gá mi!"

Inú ẹrù mi ni áyọ́ọ̀nù náà wà. Mo tú ẹrù, mo gbé e, mo wọ kẹ̀kẹ́. Bàbá ti da gbogbo aṣọ ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Ṣùbòmí dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Pidgin ló fi ń fèsì.

"Àǹtí, I don tell am say na him give you. E say na lie. E say Fọlákẹ́ no fit leave am."

Mo gbé áyọ́ọ̀nù náà lé tábìlì. "Òun rèé, sà. Mo gbé e lọ ha ìdọ̀tí ara rẹ̀ ni." Inú Bàbá dùn, wọ́n ń dà á yí wò bíi pé ọmọ tó sọnù ló padà dé.

Ó yẹ kí n panu mọ́. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ti pinnu pé ire ni n óò lọ, mo tún kúnlẹ̀. "Bàbá, mo fẹ́ máa lọ bá ọkọ mi ní Òṣogbo."

Wọ́n wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. "Lọ? Kí ni mo ṣe fún ọ, Fọlákẹ́? Ìwọ náà? Ìwọ àti ọmọ yẹn?" Wọ́n kọjú sí ògiri, wọn kò gbàdúrà kankan. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti gbàgbé, wọ́n ń bi mí bóyá mo ti jẹun.

Ọkàn mi bàjẹ́. Mo ti gba àdúrà mi, ẹni tó ṣe é kò sì mọ̀ pé òun ṣe é. Ẹkún nìkan ni mo lè padà wá gbà lọ́wọ́ wọn, ọ̀tun lójoojúmọ́.

Ṣùbòmí fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Àǹtí, abeg, no tell am again. E dey pain am like say na first time."

Mo fi ìyókù ọjọ́ náà kọ́ ọ ní àmì òwú, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú olóyè tó ni ín.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé ẹrù mi sí ibùdókọ̀ ní Iyaro, mo padà wá sí ṣọ́ọ̀bù. Bàbá ń wọ́n omi sí aṣọ funfun kan, áyọ́ọ̀nù wọn ń rú èéfín lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Níbo lò ń lọ tí o wọ bàtà òde báyìí?"

Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ wá sí mi lẹ́nu. Mo gbé e mì.

"Mo ń lọ ra òwú, sà. Pupa ti tán."

Pupa kò tán. Ó kún inú agolo.

Mo ṣe bí ẹni tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo tẹ̀ wálẹ̀, mo fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń kúnlẹ̀ nítorí òwú.

"Kí ló bọ́ lọ́wọ́ ẹ?"

"Kò sí nǹkan, sà."

"Wàá lọ re, wàá bọ̀ re." Bí wọ́n ṣe máa ń sọ nìyẹn nígbàkígbà tí wọ́n bá rán mi níṣẹ́. "Má pẹ́ o. Olóyè ń dúró de aṣọ yìí."

Mo jáde. N kò wẹ̀yìn, torí bí mo bá wẹ̀yìn, n kò ní lọ mọ́. Bí Gbéminíyì ṣe lọ lèmi náà ṣe lọ, èmi tí mo ti bú u tó.

Ọkọ̀ wa ti kọjá Ọ̀wọ̀ kí fóònù tó dún.

"Fọlákẹ́, òwú ńkọ́?"

Obìnrin tó jókòó tì mí ń wò mí, torí omi ti dà bò mí lójú. Mo ní, "Wọn ò tíì ṣí ṣọ́ọ̀bù, sà."

"Kò burú," ni Bàbá wí. "Fara balẹ̀ dúró dè wọ́n. Mi ò ní ti ilẹ̀kùn."